Ọdún tí Àǹtí Múnírá Gbé Dùùrù Oníná Wọlé

Bí mo bá fẹ́ rántí ilé wa ní Kemta, etí ni mo kọ́kọ́ ń fi rántí rẹ̀. Abọ́ tánganran ló máa ń kọ́kọ́ dún sí mi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń tà á, kò sì sí yàrá kan nínú ilé náà tí abọ́ kò sí: abọ́ ọlọ́mọrí, ife, àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n ya òdòdó pupa sí nínú, bàsíà ńlá tó lè gba ọmọdé méjì tó bá fẹ́ wẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, àwa ọmọdébìnrin ti ń kó wọn bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, à ń fi aṣọ nù wọ́n, à ń tò wọ́n léra, bí a sì ti ń tò wọ́n ni wọ́n ń ké, èyí tó kéré ní ohùn tín-ín-rín, èyí tó tóbi ní ohùn tó lọ sílẹ̀ bí ohùn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìgbálẹ̀ ìyá mi á dá sí i lágbàlá. Àwọn ọmọ ilé kéú tó wà ní ilé kejì á gbé ohùn sókè. Lẹ́yìn náà ni ariwo odó, nítorí láfún kì í wọ́n ní ilé wa. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà ní ẹ̀yìnkùlé, tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rò ó pé òun á kọ́lé tì í, orí rẹ̀ la sì ń sá ẹ̀gẹ́ sí, tí àwa ọmọdé á máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Mo ti gbé ní ìlú mìíràn láti ìgbà náà, mo ti gbé ní ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́, tó jẹ́ pé fíríìjì nìkan ló ń kùn níbẹ̀. Ara mi kì í lélẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí n kò gbọ́ kí nǹkan kan ké, mo máa ń rò pé aburú kan ti ṣẹlẹ̀.

Nínú gbogbo ariwo yìí, èyí tí a fi ń mọ̀ pé ọjọ́ ti rọ̀ ni agídìgbo Bàbá Àgbà. Káfíńtà ni Bàbá Àgbà kí ojú rẹ̀ tó di èyí tí kò mú mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì kan àpótí agídìgbo náà. Ó gbẹ́ ihò róbótó sí àárín rẹ̀, ó sì na ahọ́n irin lé ihò náà lórí, irin tó gé lára ayùn tó ti kú. Bó bá ti kírun àsárì tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á gbé àpótí náà lé itan, á fi àtàǹpàkò méjèèjì máa ta àwọn irin náà, á sì fi ìka tó kù máa gbá ẹ̀gbẹ́ pákó. Ohùn rẹ̀ kì í pariwo. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò omi. Àǹtí Múnírá, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, ló ń kọrin sí i. Òun ló ń bá Ìyá Àgbà tajà lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n orin ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń hun àwọn orin náà. Bó bá ń fọṣọ, á máa hun ún. Bó bá ń bó ẹ̀gẹ́, á kàn ṣàdédé dúró, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ á máa mì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pè é. Ìtàn ló máa ń kọ lórin: ti ìyàwó tó se ọbẹ̀ fún ìyakọ rẹ̀ láì fi iyọ̀ sí i, ti bàbá tó ti Mẹ́kà dé tí ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Orin náà lè gùn títí, nítorí Bàbá Àgbà máa ń dúró dè é. Bó bá fẹ́ mí, agídìgbo á mí. Bó bá rẹ́rìn-ín láàrin orin, agídìgbo á máa yípo lójú kan títí á fi rẹ́rìn-ín tán. Wọ́n máa ń pè wọ́n síbi ìsọmọlórúkọ àti ìṣílé, ní Kemta, ní Òwu, nígbà mìíràn títí dé abúlé. Ìyá Àgbà a máa sọ pé, "Ẹnu ọmọ, ọwọ́ bàbá, ara kan náà ni." Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí n yọ́ òrí lórí ẹyin iná nínú ife tánganran kékeré kan, kí n gbé e wá fún Bàbá Àgbà kó fi ra ìka. Ó máa ń sọ fún mi pé agídìgbo kì í fẹ́ ìka tó gbẹ. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ ta ni yóò bi bàbá bàbá rẹ̀ pé ṣé lóòótọ́ ni?

Rédíò ilé wa ló fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Ó dédé dákẹ́ nígbà tí ààwẹ̀ ku díẹ̀, wọ́n sì ní kí Àǹtí Múnírá gbé e lọ sọ́dọ̀ Bùọ̀dá Délé tó ń tún rédíò ṣe ní Òkè-Ìlewó. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni Bùọ̀dá Délé, bàbá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù fún ìjọ wọn. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni tó ń ṣọ́ra kí ó má baà jí ọmọ tó ń sùn. Ọjọ́ kan péré ló fi tún rédíò náà ṣe. Àǹtí Múnírá gbé e wálé, rédíò náà sọ̀rọ̀, gbogbo wa yọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ. Ó ní òun fẹ́ ra òwú. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun fẹ́ lọ wo iye tí wọ́n ń ta abọ́ lọ́hùn-ún. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ààwẹ̀ parí, kò yéé lọ. Àwọn obìnrin àgbàlá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn bí wọ́n bá ti rí i tó ń wé gèlè. "Rédíò wo ló ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ bí eyín arúgbó?" ni ìyá mi bi wọ́n lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Àgbà. Ohun tí èmi ṣàkíyèsí yàtọ̀ sí tiwọn. Lójú ọmọdé tèmi, orin ti ń gbẹ nínú ilé wa. Nírọ̀lẹ́, Àǹtí Múnírá á jókòó ti bàbá rẹ̀, á kọ èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, á kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ìtàn tuntun kò wá mọ́. N kò rí i kó dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́ mọ́. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń bó o.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Ìyá Àgbà wé gèlè tirẹ̀ náà, ó ní kí n wọ bàtà. Kò sọ ibi tí à ń lọ. Kí a tó dé ẹnu ìsọ̀ Bùọ̀dá Délé la ti gbọ́ ohùn Àǹtí Múnírá, ṣùgbọ́n ohun tó ń bá ohùn náà rìn, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìlù ń dún, ó ń lọ geere, kò sí ibi tí ó ti ń súnkì. Lórí ìlù náà ni ohùn kan nà sí, ó gùn, ó ń tàn, bí ẹni pé wọ́n kó gbogbo abọ́ Ìyá Àgbà, wọ́n yọ́ wọn, wọ́n sì fà wọ́n bí okùn. Ìyá Àgbà dì mí lọ́wọ́ mú, a dúró síta. Àǹtí Múnírá kọrin náà dé òpin, ó dákẹ́. Ìlù kò dákẹ́. Nígbà náà ni Ìyá Àgbà wọlé. Àǹtí Múnírá fò dìde bí ẹni tí iná jó. Bùọ̀dá Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàrin àwọn rédíò tó tú sílẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Dìde, bàbá mi, kí wáyà má baà gún ọ lójú." Ìyá Àgbà tẹ̀ ba, ó yọjú wo abẹ́ tábìlì. "Ta ló ń lu ìlù yẹn?"

"Inú rẹ̀ ló wà, mà." Bùọ̀dá Délé tẹ nǹkan kékeré kan, ìlù náà sì dákẹ́ lójijì, bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó ṣàlàyé fún wa pé dùùrù oníná ni, pé àwọn olórin kan tí wọ́n ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì ló gbé e wá kí òun tún un ṣe, pé ẹgbẹ́ wọn tú ká, olórí wọn sì ní kí òun máa mú un lọ.

Ìyá Àgbà wo dùùrù náà, ó wo ọmọ rẹ̀. "Múnírá, nǹkan tí ò ń wá wá síbí lójoojúmọ́ nìyí?"

"Òun ni, Màámi."

"Kì í ṣe eléyìí?" Ó na ọwọ́ sí Bùọ̀dá Délé.

Àǹtí Múnírá dorí kodò. "Eléyìí náà wà ńbẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n dùùrù ló ṣáájú."

Ẹ̀rín tí Ìyá Àgbà rín lọ́jọ́ náà, ó ní láti wá ibì kan jókòó. Ó rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀. Nígbà tó rín in tán, ó bèèrè ohun tí kò jẹ́ kí Àǹtí Múnírá gbé nǹkan náà wálé láti ọjọ́ yìí, ojú Àǹtí Múnírá sì yí padà.

"Kí ni mo fẹ́ wí fún Bàbá?" ó ní. "Kí n tó lè pe orúkọ ara mi tán ni wọ́n ti ń ta agídìgbo sí mi. Bí mo bá gbé èyí wọ ilé, ṣé kì í ṣe pé mo ní kí wọ́n ká ọwọ́ wọn kúrò ńlẹ̀? Ṣùgbọ́n, Màámi, orin tó ń wá sí mi lọ́kàn báyìí, agídìgbo ò gbà á. Ó fẹ́ dún kó sì dúró, bí ìgbà tí òjò bá ṣú. Mo gbìyànjú kí n lé e lọ. Kò lọ."

Ìyá Àgbà tún gèlè rẹ̀ wé. "Orin tí a ò lè kọ nílé baba ẹni, ilé ta la fẹ́ gbé e lọ? Ẹ gbé e ńlẹ̀. Ilé là ń lọ."

Báyìí la ṣe gbé e wálé. Bùọ̀dá Délé ru dùùrù lórí òṣùká, Àǹtí Múnírá gbé àpótí gbohùngbohùn mọ́ àyà, èmi fi wáyà kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, Ìyá Àgbà sì ń rìn níwájú, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé kí wọ́n tó lè bèèrè ọ̀rọ̀. Àgbàlá kún. Wọ́n gbé nǹkan náà kalẹ̀ síwájú Bàbá Àgbà níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, Bùọ̀dá Délé sì so ó mọ́ iná. Bàbá Àgbà wò ó pẹ́. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ẹyọ kan lára eyín funfun dùùrù náà. Ohùn náà jáde, kò sì tán, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí Bàbá Àgbà fi gbé ọwọ́ kúrò. Ó yẹ àtàǹpàkò náà wò.

"Kò béèrè agbára," ó ní. Ó dìde, ó wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, láfún àti ọbẹ̀ ilá la jẹ, ẹja tútù wà nínú rẹ̀, oúnjẹ tí Bàbá Àgbà kì í fi ṣeré. Abọ́ rẹ̀ jáde bó ṣe wọlé. Àǹtí Múnírá rí abọ́ náà, òun náà sì fi tirẹ̀ sílẹ̀. Agídìgbo kò dún. Mo rántí pé mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo ń wo dùùrù náà ní kọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n fi aṣọ bò ó sí, mo sì kórìíra rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yọ́ òrí bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì gbé e lọ bá Bàbá Àgbà lẹ́yìnkùlé, níbi tó jókòó sí létí àpáta tó ń yá oòrùn. Kò tíì ki ọwọ́ bọ inú ife náà nígbà tí Àǹtí Múnírá dé. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ lọ dá a padà."

"Kí ló ṣe é? Ó ti bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́. Ẹ̀yin ni inú yín ò dùn sí i. Ẹ ò fọwọ́ kan oúnjẹ lánàá."

Bàbá Àgbà wò ó bí ẹni tí a ń fi èdè mìíràn bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. "Mo fọwọ́ kàn án, Múnírá. Òkèlè ni mi ò lè bù. Mo ní kí n ká ìka, ìrora náà gba apá mi lọ sí èjìká. Ojú wá ń tì mí láti ní kí wọ́n fún mi ní ṣíbí bí ọmọdé."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Kí lo rò pé ọmọ yìí ń yọ́ òrí fún láràárọ̀?" Ó wò mí, ó tún wò ó. "Mo rò ó pé bí mo bá gbé agídìgbo jù sílẹ̀, ìwọ náà á panu dé. Mo wá ń fara dà á. Òde tí a bá lọ, mo máa ń bẹ Ọlọ́hun pé kó jẹ́ kí orin yìí kúrú. Òde náà ni o máa ń mú ìtàn tó gùn bí ọ̀nà oko jáde."

Àǹtí Múnírá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Nítorí yín ni mo ṣe ń mú un gùn! Mo ní kí ẹ lè gbádùn rẹ̀ ni!"

Wọ́n jọ wo ara wọn. Ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì, n kò lè sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà le débi pé àwọn ewúrẹ́ sá lọ, ìyá mi sì yọrí lójú fèrèsé. Àǹtí Múnírá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fi òrí náà ra ìka bàbá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti dàgbà tó Àǹtí Múnírá ìgbà náà, mo ti dàgbà jù ú lọ, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ti ń gbé ẹrù fún ara wọn lọ́nà báyìí, tí oníkálukú ń làágùn lórí ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Ìfẹ́ ni, n kò sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Àmọ́ ẹnu là ń lò sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Àgbà fi ṣíbí jẹ láfún níwájú gbogbo ilé, ó sì bu ọbẹ̀ kún un lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Bùọ̀dá Délé máa ń wá lẹ́yìn tó bá ti ti ìsọ̀, ó ń tẹ dùùrù, Àǹtí Múnírá ń kọrin, àgbàlá wa sì di ibi tí àwọn aládùúgbò ń yà sí. Kò rọrùn. Ìlù inú ẹ̀rọ náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àǹtí Múnírá tí agídìgbo ti kẹ́ bàjẹ́ á dúró mí díẹ̀, kó tó padà dé, ìlù ti lọ. Á sá tẹ̀ lé e, á kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu, èémí á tán. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sílẹ̀, ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń lé ọkọ̀ tó ti gbéra. Bàbá Àgbà tó ń wò wọ́n láti orí àga rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní, "Má lé e mọ́. Ṣé o ò rí i pé ó ń yípo ni? Jẹ́ kó máa lọ. Bó bá tún yí dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí o wọlé. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ yẹn, dín in kù." Ọ̀rọ̀ náà ló yí orin Àǹtí Múnírá padà ju dùùrù fúnra rẹ̀ lọ. Ó dín ọ̀rọ̀ kù. Ìtàn tó ti ń gùn di gbólóhùn díẹ̀ tó ń sọ, tó ń tún un sọ, tó ń fi sílẹ̀ kí dùùrù náà mú un lọ sókè kó tó gbà á padà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí i tó ń dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Orin àkọ́kọ́ tó hun fún ẹ̀rọ náà ni ti ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ti ìrìn àjò dé: "Ọkọ mi dé o, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn." Ó ti inú ohùn tí Bùọ̀dá Délé ń tẹ lórí dùùrù mú un jáde, àwọn méjèèjì sì gbádùn rẹ̀ dáadáa. Ìyá Àgbà wà nínú yàrá, ó ń ka ẹrù, ó sì ti ń retí ọkọ̀ abọ́ rẹ̀ láti Èkó láti àárọ̀. Lójijì ló já jáde, ìró ìdí rẹ̀ ò tiẹ̀ so dáadáa, ó gba àárín wa kọjá, ó di ìta. Ó padà wọlé, ó ń mí.

"Ọkọ̀ náà dà?"

"Ọkọ̀ wo, Màámi?"

"Èyí tí ò ń pariwo rẹ̀ láti ìgbà yìí! Ṣebí o ní ọkọ̀ dé, ká ṣílẹ̀kùn?"

Bùọ̀dá Délé gbé ọwọ́ kúrò lára dùùrù, ó tún orin náà tẹ̀ jẹ́jẹ́. Òótọ́ ni. Orin náà wálẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wálẹ̀, ó sì ti sọ ọkọ di ọkọ̀. Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ẹ̀rọ ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ kọ́ ọ." Wọ́n kọ́ ọ. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń wá ibi tí ohùn dùùrù àti ohùn ọ̀rọ̀ ti lè jọ rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ìyá Àgbà ni wọ́n fi ń dán an wò. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tí kò bá dìde, a jẹ́ pé ó ti bọ́ sí i.

Òde àkọ́kọ́ tó wá ni ti Àlájì kan ní Òwu tó fẹ́ ṣílé tuntun. Ó ti mọ Bàbá Àgbà pẹ́, agídìgbo ni wọ́n sì ta níbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ gbé wá, ó ránṣẹ́ pé òun ò pe ẹ̀rọ. Bàbá Àgbà ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó di èjìká mi mú, a jọ lọ. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè ọmọ, kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀.

"Bàbá," ni Àlájì wí, "bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe wo ni ẹ̀rọ mọ̀?"

"Ẹ̀rọ ò mọ òwe kankan, Àlájì. Ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n, òun náà ló sì ń bọ̀."

Àlájì rò ó. "Ẹ gbé agídìgbo náà dání. Bí ti ẹ̀rọ ò bá wọ̀ wá lára, kí ẹ fi agídìgbo gba òde yín."

Bàbá Àgbà gbà. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ó ní kí n má sọ fún Àǹtí Múnírá, n kò sì sọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ náà kò lè lu ìdajì orin kan. Òun náà mọ̀.

Ọ̀sán ni ìṣílé náà. Ìrẹsì ọ̀fadà ni wọ́n sè, wọ́n fi ewé bu ú fún wa, iwájú ilé kún fún èèyàn, ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. Mo gbé agídìgbo náà sẹ́bàá ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà, mo sì jókòó tì í. Ìlù inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wo ara wọn. Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn mi sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ó dà bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá há sínú abọ́. Àǹtí Múnírá gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsókè sẹ́nu. Ibi tó yẹ kó wọlé kọjá. Kò wọlé. Ó dijú, ó jẹ́ kó yípo, ó sì bọ́ sínú rẹ̀ ní ìgbà kejì bí ẹni tó wọ odò tó mọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀. "Ọkọ mi dé o, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn." Ohùn rẹ̀ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gba iwájú ilé náà, ó gba òpópónà. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ dìde, lẹ́yìn wọn àwọn ọ̀dọ́. Àwọn àgbà kò mira. Àlájì ni wọ́n ń wò, Àlájì sì ń wo Bàbá Àgbà.

Bàbá Àgbà dìde. Mo na ọwọ́ sí agídìgbo kí n gbé e fún un, nítorí mo rò pé ó ti dé bá wa nìyẹn. Kò wò mí. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àpótí náà, ó ká apá agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó sì jó lọ síwájú ọmọ rẹ̀. Ìgbà náà ló tó yé mi pé n kò rí i kó jó rí. Ìgbà wo ni ì bá jó? Gbogbo òde tí ọmọ rẹ̀ ti ń kọrin, ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, orí rẹ̀ á wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lára irin. Kò dojú kọ ọ́ rí níbi tó ti ń kọrin. Ó dojú kọ ọ́ wàyí. Ó jó jẹ́jẹ́, ó ń fi èjìká dáhùn, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àǹtí Múnírá ṣẹ́jú sí i, ó fi gbólóhùn kan sílẹ̀ kó lè mí, dùùrù gbà á, Bàbá Àgbà sì fi ẹsẹ̀ kún un. Ìyá Àgbà kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é. Ó dìde láàrin àwọn obìnrin, ó bọ́ síwájú ọkọ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnìkan lu àtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí Àlájì tó bọ́ bàtà, tó ń dìde.

Àǹtí Múnírá kọrin pẹ̀lú dùùrù oníná fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó tún lágbára ju èyí lọ. Ó fẹ́ Bùọ̀dá Délé. Ìdílé méjèèjì jiyàn díẹ̀, wọ́n sì jọ jẹun. Bí ara Bàbá Àgbà bá yá, á gbé agídìgbo lé itan nírọ̀lẹ́, á ta orin kan fún àwa ọmọ ilé, orin kan péré, á sì gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú inú dídùn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti òde, ó ti kúrò ní alágídìgbo. Nígbà tí à ń bọ̀ láti Òwu lọ́jọ́ ìṣílé yẹn, Bùọ̀dá Délé ló ru dùùrù ṣáájú, oòrùn ti rọlẹ̀, Bàbá Àgbà sì ń rìn láàrin wa. Eruku ti bo ìsàlẹ̀ agbádá funfun rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti ń gun òkè lọ sí Kemta, ó dúró, a rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Múnírá," ó ní, "ìgbà wo la tún ní òde?"

"Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Bàbá."

Ó mi orí pé ó dára, ó wá yíjú sí Ìyá Àgbà. "Bá mi tètè fọ agbádá yìí."